Ọmọ Tí A Ń Retí

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, láti kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe yìí dùn létí, bóyá ni olùkọ́ kan sì wà tí kò lò ó rí. Èmi alára lò ó fún ọdún gbọọrọ tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àti ti ọ̀gá ilé-ìwé. Mo lò ó nígbà tí a bá ń fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn, mo sì lò ó nígbà tí mo bá ń kọ ìwé ẹ̀rí fún àwọn tí ń jáde lọ. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàkíyèsí ohun kan nípa òwe náà: ẹ̀yìn ìgbà tí Àṣàmú bá ti di Àṣàmú tán ni a máa ń pa á. Kò sí ẹni tí í lọ wo àwọn ọmọ yòókù tí àwọn náà ṣẹnu ṣámúṣámú ní kékeré, kí ó sì béèrè ohun tí wọ́n dà.

Àríyànjiyàn àwọn ọmọ-ọmọ mi ni ó mú mi ronú bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdọọdún, àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn a máa péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti jiyàn lórí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ta ni wọn yóò kọ́kọ́ yàn lọ́dún yìí? Ta ni yóò di ọ̀gá, ta ni yóò sì já wọn kulẹ̀? Ọ̀kan a ní, “Èyí yóò kọjá Jordan.” Èkejì a ní, “Rárá o, egungun rẹ̀ kò le, Sam Bowie ni yóò dà.” Ni gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan mo bi wọ́n léèrè ẹni tí í jẹ́ Bowie. “Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, Bàbá? Òun ni wọ́n yàn ṣáájú Jordan!” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, tí mo fi lọ wá ìtàn náà kà.

Fún àǹfààní ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà dáadáa, olùkọ́ ni ó dá a sílẹ̀. James Naismith ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, òtútù kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣeré níta, ni ó bá kan apẹ̀rẹ̀ méjì tí a fi ń kó èso mọ́ òkè ní ìhà méjèèjì gbọ̀ngàn, ó kọ òfin 13 sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sínú wọn. Nígbà tí eré náà wá di iṣẹ́ òòjọ́, àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbá a fún owó dá àṣà kan sílẹ̀ ní 1947 tí ó wà títí di òní. Lọ́dọọdún, wọn a wo àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì yan ẹni tí ó bá wù ú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó rẹ̀yìn jù ní ọdún tí ó kọjá ni a ń fún láàyè láti yàn ṣáájú, nísinsìnyí a sì ń ṣẹ́ gègé láàárín wọn, kí alágbára má baà gba gbogbo ọmọ rere mọ́ aláìlera lọ́wọ́. Àṣà tí ó dára ni, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹrù tí ó gbé ka àwọn tí ń yàn lórí: wọn yóò wo ọmọ ogún ọdún, wọn yóò sì sọ ní gbangba, níṣojú gbogbo ayé, irú ènìyàn tí yóò jẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ohun tí àwa olùkọ́ ń kọ pamọ́ sínú ìwé ni àwọn ń kéde.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1984, ní ìlú New York, ọ̀rọ̀ náà di ti ẹgbẹ́ mẹ́ta: Houston, Portland àti Chicago. A ti sọ owó sókè ṣáájú láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn nínú Houston àti Portland, owó náà sì já sí ti Houston. Ọmọ wa ni Houston yàn.

Hakeem Ọlájuwọ́n ni mo ń wí, tí a bí ní Èkó ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1963, tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe òwò sìmẹ́ǹtì. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ó ń ṣẹnu ṣámúṣámú láti kékeré nínú eré yìí, ẹ kò ní rí i lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ni ó ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó sì ń gbá ní Muslim Teachers' College. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọn yóò jọ díje ti gbá a fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Houston ní 1980 láti wọ yunifásítì ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Takisí ni ó wọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, kò kópa nínú ìdíje kankan. Kò bínú padà sílé. Ó béèrè ohun tí ó yẹ kí òun ṣe, wọ́n sì ní kí ó máa lọ bá Moses Malone ṣeré, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn òmìrán nígbà náà. Malone kò fojú ọmọdé wò ó. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn takisí yẹn, orúkọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ pè ní New York. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹsẹ̀ tí ó fi ń ṣọ́ ilé ní pápá Èkó, tí àwọn kan ìbá pè ní àkókò tí ó fi ṣòfò, òun gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà wá ń pè ní idán nígbà tí ó bá ń yí lọ́tùn-ún lósì mọ́ àwọn òmìrán lọ́wọ́. (Wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Akeem títí di 1991, tí òun fúnra rẹ̀ fi ní kí wọ́n tún un kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ kí akọ̀wé ba orúkọ yín jẹ́ nínú ìwé, ẹ gbọ́ o.)

Portland ni ó kàn. Wọ́n yan Sam Bowie ti Yunifásítì Kentucky, ọmọkùnrin tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje ó lé íǹṣì kan. Ó ga, ó mọ eré, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ lára bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n egungun ojúgun òsì rẹ̀ ti sán rí, ọdún méjì gbáko ni kò sì fi lè ṣeré ní yunifásítì. Kí ló dé tí wọ́n fi yàn án? Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní òmùgọ̀ ni àwọn ará Portland. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni wọ́n kà. Ta ni ó gba ife ẹ̀yẹ láyé àtijọ́? George Mikan, òmìrán. Ta ni ó gbà á ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá láàárín 1957 àti 1969? Bill Russell, òmìrán. Portland fúnra wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gbà á, ní 1977, Bill Walton ni ó gbà á fún wọn, òmìrán ni òun náà. Gbogbo ìtàn eré náà títí di ọjọ́ yẹn ni ó ń wí pé ẹni tí ó bá ń fẹ́ ife, kí ó wá òmìrán. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ti ní Clyde Drexler nílé, tí wọ́n yàn ní 1983, ibi kan náà ni òun àti Jordan sì ń gbá. Ìdí méjèèjì mọ́gbọ́n wá. Àṣìṣe òmùgọ̀ kò ní ohun púpọ̀ tí a lè rí kọ́ nínú rẹ̀. Èyí tí ọlọ́gbọ́n ṣe pẹ̀lú ìdí tí ó dára ni ó yẹ kí a jókòó tì.

Chicago wá yan Michael Jordan ní ẹ̀kẹta, ẹ má sì rò pé wọ́n jó lọ sílé. Rod Thorn, tí ó ń ṣe àkóso ẹgbẹ́ náà, sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé ì bá wu àwọn kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, àti pé kì í ṣe òun ni yóò yí ìpín ẹgbẹ́ náà padà. Ẹgbẹ́ tí ó jáwé olúborí ní ìdíje 27 péré nínú 82 ní ọdún tí ó kọjá ni ó ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ní Wilmington, nígbà tí Jordan wà ní ilé-ìwé gíga, akọ́nimọ̀ọ́gbá ti fi í sínú ẹgbẹ́ kékeré, ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ga jù ú lọ sínú ẹgbẹ́ àgbà. Jordan fúnra rẹ̀ sọ pé òun lọ sílé, òun sì sunkún. Nítorí náà, ẹni tí ó fi í sílẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó sì mú un kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Àwọn àgbà a máa sọ ìtàn ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí, níbi tí àwọn tí ń bọ̀ wá sáyé ti lọ yan orí tiwọn. Àwọn kan yan orí tí ó tóbi, tí ó ń dán, wọn kò mọ̀ pé iná kò jó o dénú. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì ń ya bọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí mo ti ń ka ìtàn Portland, ilé Àjàlá ni ó ń wá sí mi lọ́kàn.

Òjò kò tètè rọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, Bowie ṣeré nínú ìdíje 76 nínú 82, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn márùn-ún tí ó dára jù lọ nínú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, à bá ní Portland yàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, ẹsẹ̀ òsì ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ṣẹ́. Láàárín ọdún mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé ọdún àkọ́kọ́, ìdíje 63 péré ni ó lè gbá nínú 328.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń fi Bowie ṣẹ̀sín kì í rántí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985 kan náà, nínú ìdíje ẹlẹ́ẹ̀kẹta ọdún náà, egungun ẹsẹ̀ òsì Jordan ṣẹ́ pẹ̀lú. Ìdíje 64 ni ó pàdánù. Oṣù bíi méjì ni ó wà láàárín egungun ti Jordan àti ti Bowie. Ti Jordan san. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1986 ó ti padà, ó sì gba àmì ayò 63 ní Boston lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ti Bowie kò san bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé egungun nìkan ni ó sọ Jordan di Jordan. Ẹgbẹ́ Detroit lé e padà ní 1988, ní 1989 àti ní 1990, ó sì ń padà lọ mú ara rẹ̀ le sí i, títí ó fi gba ife àkọ́kọ́ ní 1991 àti márùn-ún mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí egungun rẹ̀ kò bá san, níbo ni yóò ti ṣe iṣẹ́ náà?

Ní 2012, tí ó ti pé ọdún 28 lẹ́yìn ìyàn náà, Bowie sọ ohun kan nínú fíìmù tí a ṣe nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn dókítà Portland ń fi òòlù kékeré lu ojúgun òun láti mọ̀ bóyá ó dùn ún, òun dáhùn pé kò dùn òun. Ó sì dùn ún. Ó fi kún un pé àwọn ènìyàn òun wà nílé tí wọ́n ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, àti pé ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá ṣe ni òun ṣe. Mo ti ka gbólóhùn yìí ní ìgbà púpọ̀. Irọ́ ni ó pa, n kò sì ní sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé irọ́ kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀ n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọlájuwọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 1992, Ọlájuwọ́n ní iṣan itan ń dun òun. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ó ń díbọ́n ni, wọ́n dá a dúró láìsanwó fún un. Inú bí i, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí ibòmíràn. Ọdún kẹjọ rẹ̀ nìyẹn, kò sì tí ì gba ife kan. Ralph Sampson, òmìrán tí wọ́n yàn ṣáájú rẹ̀ ní 1983, tí gbogbo ayé ń retí ju òun gan-an lọ, orúnkún ti pa iná tirẹ̀. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti dájọ́ ní ọdún náà, n kò rò pé ẹjọ́ ìbá dá Ọlájuwọ́n láre. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1994, ó borí Patrick Ewing, ẹni tí ó ti borí rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní yunifásítì ní 1984, ó sì gba ife. Ní 1995 ó tún gbà á. Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀ ní 2002, ó ti fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù àwọn alátakò dànù ní ìgbà púpọ̀. 3,830 gan-an ni iye náà, kò sì sí ẹni tí ó tí ì tó o.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ìgbà kan, mo kọ ìwé ẹ̀rí fún ọmọ kan tí ó ń jáde. Mo kọ ọ́ pé ó ní làákàyè ṣùgbọ́n kò ní ìforítì. Ó máa ń pẹ́ dé ilé-ìwé, ó sì máa ń sùn nígbà ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó wá kí mi, ó ti di baba ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ ń jẹyọ nínú ọ̀rọ̀, ni ó bá sọ fún mi pé ìyá òun wà lórí àìsàn nígbà náà, òun ni ó ń lọ ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ láti aago mẹ́rin ìdájí. Mo ní, “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?” Ó ní, “Sà, ẹ ò béèrè.” Kò bínú. Ọmọ náà tí mo ní kò ní ìforítì!

Àmọ́ kí a má ṣe dá gbogbo ẹ̀bi lé egungun àti àìsàn lórí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1986, ẹgbẹ́ Boston, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife, yan Len Bias ti Yunifásítì Maryland ní ẹ̀kejì. Àwọn tí ó rí i ń fi í wé Jordan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 19, oògùn olóró kokéènì pa á. Ọmọ ọdún 22 ni. Kò wọ aṣọ Boston gbá ìdíje kan ṣoṣo. Ó ṣòro fún mi láti kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 2013, Cleveland ni ó kọ́kọ́ yàn, wọ́n sì yan Anthony Bennett. Ó lo ọdún mẹ́rin ní ẹgbẹ́ mẹ́rin, ó sì kúrò ní líìgì náà. Ẹni 14 ni a ti pè kí Milwaukee tó yan ọ̀dọ́mọkùnrin gbẹẹrẹ kan láti Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì, ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ le láti pè: Antetokounmpo. Ẹ tún un kà dáadáa. Adétòkunbọ̀ ni, tí wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì kọ, tí wọ́n sì tún tú u padà sí lẹ́tà tiwa. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti lọ, wọn kò ní ìwé ìgbélùú, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ a sì máa kiri ọjà ní ìgboro Áténì láti rí oúnjẹ jẹ. Ibẹ̀ ni a bí i sí ní 1994, síbẹ̀ ọdún 2013 gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ onílùú. Ní 2019 àti 2020, wọ́n dìbò yàn án gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dára jù lọ ní gbogbo líìgì. Ní 2021, ó gba àmì ayò 50 ní ọjọ́ tí Milwaukee gba ife. Àwọn tí ó fò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá kì í ṣe òmùgọ̀. Ọmọ tí ebi ń pa, tí kò tí ì dàgbà tán, ni wọ́n rí, kò sì sí ìwé tí a fi ń wọn ebi.

Ní oṣù Kẹfà tí ó kọjá, àwọn ọmọ náà tún pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sì tún fi Bowie ṣẹ̀fẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ iye ìdíje tí Bowie gbá kí ó tó fi eré sílẹ̀. Ọ̀kan ní ogún, èkejì ní kò lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mo ní 511. Mo sọ fún wọn pé lẹ́yìn gbogbo egungun wọ̀nyẹn, ó dìde, ó lọ sí New Jersey ní 1989, ó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ó tún lo ọdún méjì ní Los Angeles, ó sì fẹ̀yìntì ní 1995. Lẹ́yìn náà, ó padà sí Kentucky, ó ń tọ́ ẹṣin ìdíje.

Àgbà nínú wọn dákẹ́ díẹ̀. “Ìdíje 511, Bàbá? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó sì yíjú padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù láti jà fún ẹni tí òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yàn.